Lẹ́ǹsì Tí Mo Rà Nítorí Àbúrò Mi

Àwọn tó mọ̀ mí ní Oldham, nílùú Òyìnbó níbí, kì í gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Wọ́n ní tí mo bá sọ pé òjò ń rọ̀, kí èèyàn kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé kó tó mú agbòjò. Mi ò bá wọn jà. Èmi tí mi ò ka ìwé mẹ́fà tán, tí mo wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ agbẹ́rù tó máa ń gbọ̀n, nílé ìkẹ́rùsí títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí ni mo tún ní tí mo lè fi dá ara mi lára yá bí kò ṣe ẹnu? Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì kámẹ́rà yìí ló ṣojú ìyàwó mi, kò sì jẹ́ kí n fi iyọ̀ kún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí mo bá ti fi kún un, ẹ̀yin náà á mọ̀.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Ṣàgámù. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló wá kàwé ní yunifásítì níbí ní Manchester. Fallowfield ni ọmọ náà ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oldham. Nígbà yẹn tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Tó bá ń padà lọ, ìyàwó mi á di ọbẹ̀ sínú ike fún un. Dádì Oldham ló ń pè mí, torí ó ní Dádì Ìkòròdú kan nílé, kò sì fẹ́ kí àwa méjèèjì jà.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọmọ yìí fẹ́ parí, ìyá rẹ̀ tọrọ físà kó lè wá wo ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Wọn ò fún un. Mo pè é lórí fóònù láti tù ú nínú. Mo ní kó má fòyà, pé a ó ya ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò rèǹtè-rente nínú aṣọ ńlá yẹn, pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin lórí, níwájú òdòdó.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní ọmọ kan wà ní àdúgbò wọn tó yá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ̀, tó lọ ya fọ́tò, tó di bébà kan mú lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó pe èèyàn jọ, wọ́n dúpẹ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ pé ọmọ náà ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ látìgbà tó wà ní ọdún kejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni tí wọ́n gbé kọ́ ládùúgbò yẹn tí wọn kì í yọ́ yínmú sí.

Ó wá sọ fún mi pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má fi ti iwájú òdòdó ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lórí pèpéle gan-an ni mo fẹ́ rí. Kí n rí ojú ọmọ mi, kí n rí ojú ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.”

Mo ní kò sí wàhálà. Mo ní n óò yà á débi pé ó máa rí ipin oorun lójú rẹ̀. Ẹnu mi ti ṣèlérí kí orí mi tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ pé kì í ṣe pé mi ò mọ fọ́tò yà. Èmi ni mò ń ya ìkómọ àti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kámẹ́rà mi dára, alòkù ni, ṣùgbọ́n kò ṣe mí níjàǹbá rí. Àmọ́ lẹ́ǹsì tó bá a wá kì í rí ju iwájú ara rẹ̀ lọ. Ọmọ àbúrò mi ló wá là mí lójú. Ó ní àwọn àlejò kì í sún mọ́ pèpéle, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa ń kó wọn jókòó sí, lẹ́yìn pátápátá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ dúró sẹ́yìn gbogbo ìjọ, mo ya pásítọ̀ wa láti ibẹ̀. Nígbà tí mo wo fọ́tò náà, mo rí èèrà kan tó de táì.

Bí èmi àti ìyàwó mi ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìgboro Manchester nìyẹn, sí ṣọ́ọ̀bù bàbá òyìnbó kan tó ń ta kámẹ́rà tuntun àti alòkù. Bàbá náà kì í wo èèyàn nínú awò ojú rẹ̀, orí awò ló máa ń gbà wò ó. Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un. Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé lẹ́ǹsì mẹ́ta wá, ó tò wọ́n sórí gíláàsì.

Èkíní tóbi bí odó iyán. Ó ní èyí ni àwọn tó ń ya bọ́ọ̀lù máa ń lò, pé inú òkùnkùn pàápàá, ó ń ríran. Mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tó dá mi lóhùn, mo bi í bóyá mọ́tò wà lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà síbi tó ti mú un.

Méjì tó kù, owó wọn kò pa èèyàn, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Ọ̀kan gùn, tuntun ni, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ dé ọ̀ọ́dúnrún. Bàbá náà ní bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣe ń sún mọ́ni. Èkejì kúrú díẹ̀, wọ́n ti lò ó rí, nọ́ńbà tirẹ̀ kò ju igba ó lé àádọ́ta lọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe nítorí ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n.

Èmi kọ́, ta ni yóò gbé owó kalẹ̀ tí yóò mú èyí tó kúrú? Mo na ọwọ́ sí èyí tó gùn. Bàbá náà kò jiyàn. Ó so ó mọ́ kámẹ́rà mi, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n wo aago tó wà lára ilé gíga kan ní òdìkejì ọ̀nà. Mo fa lẹ́ǹsì náà tán, mo wò ó. Aago wá bá mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń jó. Ọwọ́ aago ń mì, nọ́ńbà ara rẹ̀ ń mì, gbogbo ilé náà ń mì bí ẹni tí Ẹ̀mí bà lé. Ọdún tí mo fi wa fọ́kílíìfù ló wà nínú ọwọ́ mi yẹn. Ọkọ̀ náà ti dúró tipẹ́, ọwọ́ mi kò tíì gbọ́.

Bàbá náà yọ ọ́, ó fi èyí tó kúrú síbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn nínú rẹ̀ bí ẹ̀fọn. Mo wo aago. Ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró jẹ́ẹ́, mo rí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí nọ́ńbà méjìlá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú kì í tóbi, tí èèyàn bá sì fà á dé ìpẹ̀kun, ihò náà tún ń kéré sí i. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó oòrùn, kámẹ́rà á ní láti la ojú rẹ̀ pẹ́ kó tó ríran, ìgbà yẹn ni gbígbọ̀n ọwọ́ máa ń ba fọ́tò jẹ́.

Ìyàwó mi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé, fi Yorùbá sọ fún mi pé, “Dádì, kì í ṣe gbogbo ohun tó gùn ló wúlò.”

Bàbá òyìnbó bi mí ohun tí ìyàwó mi sọ. Mo ní ó ní kí a mú èyí tó kúrú.

Ọmọ ìjọ wa kan tó ní mọ́tò ló gbé wa lọ sí Dobcross kí n lè lọ fi ọwọ́ kọ́ lẹ́ǹsì náà. Abúlé orí òkè ni, ilé òkúta àwọn ahunṣọ àtijọ́ ló wà níbẹ̀, pápá ló sì yí wọn ká. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣí fìlà lórí mi, nígbà tí a fi máa padà délé ní Oldham, fìlà ti ṣáájú wa dé, ó ti há sára géètì. Mo rí àgùntàn kan lórí òkè lọ́hùn-ún. Mo fa lẹ́ǹsì tán, àgùntàn náà sún mọ́ mi débi tí mo fi ń gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Òun náà gbójú sókè, ó wò mí, ó rí i pé Yorùbá ni mí, ó rántí Iléyá, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní àgùntàn náà kò kúrò lójú kan. Ṣé òun ló ń wo inú lẹ́ǹsì ni?

Ohun kan wà tí mo rí lọ́jọ́ náà tí mi ò fi iyọ̀ kún. Ìyá arúgbó kan ń sá aṣọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ní ọ̀ọ́kán réré lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, ilé gíga kan ní Manchester yọ nínú kùrukùru. Nígbà tí mo fa lẹ́ǹsì, àwọn méjèèjì wá dúró pọ̀, bí ẹni pé ìyá náà lè na ọwọ́ kó fi orí ilé gíga yẹn so okùn aṣọ rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà kúrò lójú, ọ̀nà tó jìn gbọọrọ tún wà láàárín wọn. Mo gbé e padà, wọ́n tún sún mọ́ra. Mo ṣe é títí tí ìyàwó mi fi bi mí pé kí ni mò ń wá. Ohun tí mò ń rò ni pé bí mo ṣe ń rí Ṣàgámù nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Ilé ìyá wa, ilé ẹ̀kọ́ tí mo sá kúrò, odò tí a ti ń pọnmi, gbogbo wọn ló fara kan ara wọn nínú orí mi, bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀, ìrìn tó ń ru eruku sókè ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá wà lókèèrè, ojú rẹ̀ a máa kó nǹkan jọ pọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Bọ́tìnì lẹ́ǹsì yẹn, ọwọ́ mi ló ń tọ́jú, kò lè tọ́jú ẹsẹ̀ pásítọ̀. Pásítọ̀ wa kì í dúró lójú kan, gbogbo ìgbà tí mo bá yà á ló ń dà bí èéfín tó wọ kóòtù. Ìgbà tí mo ṣọ́ ọ dáadáa ni mo rí i pé tó bá ti ké halelúyà, á dúró díẹ̀ kí ìjọ lè dáhùn. Ìgbà yẹn ni mo ń tẹ kámẹ́rà. Mo wá mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ń rìn ló níbi tó ti ń dúró, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ló máa rí i yà.

Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ dé, wọ́n kó wa lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ọmọ náà ṣe wí. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ mi lé irin tó wà níwájú wa, mo tẹ bọ́tìnì, mo ṣe kámẹ́rà bó ṣe yẹ fún ibi tí iná kò pọ̀ sí. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bàbá àgbàlagbà òyìnbó kan, onírun funfun, dúró láàárín pèpéle nínú aṣọ ńlá tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe lára. Tí wọ́n bá ti pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹni náà á rìn wá, á na ọwọ́, bàbá náà á bọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì á dúró fún ìṣẹ́jú akàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín síra wọn, ẹni náà á kọjá. Inú mi dùn. Wọ́n ní halelúyà tiwọn. Mo fi ọmọ olọ́mọ kọ́ṣẹ́ títí ọwọ́ mi fi mọ ìgbà náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn wá, mo fa lẹ́ǹsì dé ìpẹ̀kun, débi pé orí méjì àti ọwọ́ méjì nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Ojú ọmọ àti ojú ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bí àbúrò mi ṣe fẹ́ ẹ. Mi ò rí nǹkan kan mọ́ nínú gbọ̀ngàn náà.

Wọ́n pe orúkọ ọmọ wa. Bàbá náà yí ojú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́. Ojú ọmọ náà wọ inú fèrèsé kámẹ́rà mi, ó mọ́ kedere. Mo mí sínú, mo dá èémí dúró, mo tẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ọmọ ò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá náà nìkan ni mo rí, tó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, tó ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn mi fa èémí sínú. Mo rò pé ọmọ náà ṣubú.

Ìyàwó mi fọwọ́ kan apá mi. “Ó kúnlẹ̀ ni, Dádì.”

Mo yí lẹ́ǹsì padà kíákíá, gbọ̀ngàn náà ṣí sílẹ̀ lójú mi. Ọmọ náà ti kéré, ó wà lẹ́sẹ̀ bàbá òyìnbó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kan tí bàbá náà nà sí i mú, ó tẹ orí ba. Bàbá náà ti tẹ̀ síwájú, kò mọ̀ bóyá kí òun gbé e dìde ni àbí kí òun náà kúnlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó tún un tẹ̀, ó ti dìde, ó ti kọjá. Gbọ̀ngàn tó pa lọ́lọ́ bú sí àtẹ́wọ́.

A gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà nílé. Nínú èkíní, bàbá òyìnbó ń kí afẹ́fẹ́, ṣóńṣó fìlà kan ló yọ nísàlẹ̀. Nínú èkejì, ohun gbogbo wà níbẹ̀ àyàfi ohun tí wọ́n rán mi. Orí ọmọ tẹ̀ wálẹ̀, fìlà bo ojú. Ọmọ náà tún dagun sí apá òsì, èjìká kan ga ju èkejì lọ, bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Mo gbìyànjú láti fa ojú rẹ̀ sún mọ́ra lórí kọ̀ǹpútà, ó di bátànì àdìrẹ.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti fi bíbọwọ́ yẹn dánra wò ní Fallowfield.

“Mi ò ní i lọ́kàn, Dádì Oldham. Bàbá yẹn ti dàgbà. Ẹsẹ̀ mi ló ṣe é.”

Mi ò lè bá a wí. Ta ni mo fẹ́ bá wí, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́? Èmi tí wọ́n bí sí Ṣàgámù ló yẹ kí n mọ̀ pé ọmọ obìnrin ilé wa kò ní í rí àgbà tó na ọwọ́ sí i kó dúró gbọnrangandan. Ó yẹ kí n fi àyè sílẹ̀ fún orúnkún nínú lẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ọmọ òyìnbó ni mo fi kọ́ṣẹ́ láti àárọ̀.

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí tèmi wá bẹ̀rẹ̀. Alàgbà kan wà ní ìjọ wa tó pupa fòò bí epo tuntun. Mo ní tí a bá da ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i lórí, tí a fi kọ́tìnnì olówùú wúrà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́, tí ọmọ náà wọ aṣọ rẹ̀, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ, èmi á sì dúró lókèèrè, ta ni yóò mọ̀ ní Ṣàgámù?

Ìyàwó mi kò gbé ojú sókè nínú ẹ̀wà tó ń ṣà. “Ohun tí àbúrò yín ń sá fún gan-an lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní kí wọ́n tẹ fọ́tò èkejì jáde bó ṣe rí, mo dì í sínú páálí, mo fi rán akẹ́kọ̀ọ́ kan tó parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tó ń padà sílé, tó sì máa gba Ṣàgámù kọjá. Láti ìgbà náà, tí fóònù bá ti dún, ìyàwó mi ni mo ń jẹ́ kó gbé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e, ó gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì gbé e fún mi. Àbúrò mi ni. Kó tó lanu ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo sọ ti ihò ìmọ́lẹ̀, mo sọ ti bọ́tìnì, mo sọ pé gbọ̀ngàn náà jìn bí Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó, pé òyìnbó mẹ́rin ló di mí lẹ́sẹ̀ mú kí n má baà jábọ́ láti òkè nígbà tí mò ń wá ojú ọmọ náà.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sinmi,” ló wí. “Ṣé ẹ rí bó ṣe dagun?”

Mo ní mo rí i, kó má bínú, pé bóyá kámẹ́rà ló wọ́.

Ó ní kámẹ́rà kò wọ́. Ó bi mí bóyá mo rántí ìgbà tí ọ̀kadà gbé òun ṣubú, tí ọmọ náà ṣì wà lẹ́yìn òun. Mo rántí. Ó ní orúnkún ọ̀tún òun kò padà bọ̀ sípò láti ìgbà náà, pé tí òun bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí èèyàn, ti òsì ni òun ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, òun á fara tì síbẹ̀, kí òun tó rọra fa ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ara rẹ̀ le koko. Kò sì sí ẹni tó pè é jókòó pé báyìí ni wọ́n ń kúnlẹ̀.

“Mò ń kúnlẹ̀, ó ń wò mí,” ló wí. “Ohun tó rí ló mú dání lọ síbẹ̀ yẹn.”

Mo gbọ́ tó ń fi nǹkan nu imú. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti gbé fọ́tò náà fún ẹni tó máa fi gíláàsì sí i, pé pálọ̀ ló ń lọ, ibi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti máa rí i. Mo bi í pẹ̀lẹ́ pé kí ni yóò sọ fún àwọn ará àdúgbò tí wọ́n bá ní ojú ọmọ dà.

“Kí wọ́n bi mí,” àbúrò mi wí. “Ẹni tó bá bi mí, n óò kúnlẹ̀ fún un kó wò ó.”